Àwo orin King Crimson tó bi ọmọ aráyé léèrè ohun tí wọ́n wá ṣe láyé

Lọ́jọ́ 10, oṣù kẹwàá, ọdún 1969, ilé-iṣẹ́ Island Records gbé àwo orin kan jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. King Crimson ni orúkọ ẹgbẹ́ tó kọ ọ́, In the Court of the Crimson King sì ni àkọlé rẹ̀, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ 'Ní Ààfin Ọba Pupa bí Ẹ̀jẹ̀.' Àkọ́bí àwo ni fún ẹgbẹ́ náà. Kò sí orúkọ ẹgbẹ́ níwájú páálí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àkọlé kankan. Àwòrán ojú ọkùnrin kan tó la ẹnu gbàgà, tó ń ké bí ẹni tó rí ikú lójúkojú, nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá rí àwòrán náà kò nílò alásọtẹ́lẹ̀ kó tó mọ̀ pé orin inú páálí yìí kì í ṣe orin ijó, kì í sì í ṣe orin olólùfẹ́ méjì. Orin ìbẹ̀rù ni, orin ìbéèrè ni. Ta ni èèyàn? Kí ló wá ṣe láyé? Ta ló ń tukọ̀ ayé tó bá ara rẹ̀ nínú rẹ̀?

Orin márùn-ún péré ló wà nínú àwo náà, gbogbo rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 44 lọ. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe ìwádìí nípa orin gbà pé òun ló la ọ̀nà fún ẹ̀yà orin rọ́ọ̀kì tí wọ́n ń pè ní progressive rock. Edward Macan, onímọ̀ orin ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ tó ń jẹ́ Rocking the Classics, lọ́dún 1997, pé ó ṣeé ṣe kó máà sí àwo mìíràn nínú ẹ̀yà orin yìí tó tún nípa jù ú lọ. Nígbà tí ìwé ìròyìn Rolling Stone to 50 àwo tó dára jù lọ nínú irú orin bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2015, ipò kejì ni wọ́n fi í sí. Ohun tó yani lẹ́nu níbẹ̀ ni pé kó tó di pé àwo náà pé oṣù mẹ́ta lórí àtẹ, ẹgbẹ́ tó ṣe é ti fọ́.

IRÚ ORIN WO NI?

Láti ọ̀dọ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn olórin blues, ni orin rọ́ọ̀kì ti ṣẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, orin kéékèèké ni: ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta, gìtá, ìlù, ẹsẹ orin mélòó kan àti ègbè tó rọrùn láti gbé. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́, ijó àti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àmọ́ nígbà tó fi máa di ìparí àwọn ọdún 1960, àwọn ọ̀dọ́ olórin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó pé orin rọ́ọ̀kì lè ru ẹrù tó wúwo ju èyí lọ. Àwo ńlá tó ń gba nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú ní ojú kọ̀ọ̀kan ti wà lọ́wọ́, kò sì sí ìdí kan tó fi yẹ kí olórin máa ka ìṣẹ́jú mẹ́ta bí ẹni ka owó ọ̀yà. Lọ́dún 1967, The Beatles gbé Sgt. Pepper's Lonely Hearts Club Band jáde, àwọn Moody Blues náà sì gbé Days of Future Passed jáde, nínú èyí tí àwọn onígòjé ńlá ti bá ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì lò pọ̀.

Ohun tí progressive rock dúró fún nìyẹn: orin rọ́ọ̀kì tó ń lọ síwájú, tó ń yá ọgbọ́n lò lọ́dọ̀ jáàsì, lọ́dọ̀ orin ìbílẹ̀, àti lọ́dọ̀ àwọn àgbà olórin Yúróòpù tó ń kọ orin wọn sílẹ̀ lórí ìwé. Orin rẹ̀ máa ń gùn, ìlù rẹ̀ máa ń yí ẹsẹ̀ padà láìròtẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì máa ń jinlẹ̀. Èyí tí King Crimson fi yàtọ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni bí orin tiwọn ṣe wúwo. Bí gìtá wọn ṣe ń kùn, tó ń ha bí irin tí wọ́n ń wọ́ lórí àpáta, jẹ́ ohun tí etí kò tíì mọ́ lára nígbà náà. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn tí àwo wọn jáde, ìyẹn nínú oṣù kejì ọdún 1970, ni ẹgbẹ́ Black Sabbath ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àkọ́bí àwo tiwọn jáde, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kà sí ìbẹ̀rẹ̀ orin heavy metal.

IBI TÍ WỌ́N TI WÁ

Ìlú Bournemouth, létí òkun ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan wà níbẹ̀, Michael Giles tó ń lu ìlù àti Peter Giles tó ń ta gìtá bẹ́ẹ̀sì. Lọ́dún 1967, wọ́n kéde pé àwọn ń wá ẹni tó mọ dùùrù tẹ̀, tó sì tún lè kọrin. Ẹni tó jẹ́ ìpè náà ni Robert Fripp, ọmọ bíbí Wimborne ní ẹkùn Dorset. Kì í ṣe atẹdùùrù, kì í sì í kọrin. Gìtá ni iṣẹ́ tirẹ̀. Bó ti wù kó rí, wọ́n gbà á. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbé àwo kan jáde lọ́dún 1968, orin ẹ̀fẹ̀ ló kún inú rẹ̀, ọjà kò sì rà á.

Lọ́dún yẹn kan náà ni Ian McDonald dé bá wọn. Ọmọ ẹgbẹ́ amúsíkà inú iṣẹ́ ológun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni tẹ́lẹ̀. Ó ń fọn sásófóònù àti fèrè, ó sì ń tẹ dùùrù. Judy Dyble, akọrin obìnrin tó ti wà nínú ẹgbẹ́ Fairport Convention, bá a wá, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi bá tirẹ̀ lọ. McDonald tún mú akéwì kan lẹ́yìn wá, Peter Sinfield, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà rí. Nígbà tí Peter Giles fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní ìparí ọdún 1968, Greg Lake ló bọ́ sípò rẹ̀. Olùkọ́ gìtá kan náà ló kọ́ òun àti Fripp nígbà èwe wọn ní Dorset. Lake ní ohùn tó rinlẹ̀, tó sì mọ́ gaara, ó sì gbà láti máa ta gìtá bẹ́ẹ̀sì.

Sinfield ló sọ ẹgbẹ́ náà ní King Crimson. Òun kì í ta ohunkóhun, kì í sì í gbé ohùn. Ọ̀rọ̀ orin ló ń kọ, òun ló sì ń darí iná tó ń tàn sára àwọn yòókù lórí ìtàgé. Pẹ̀lú èyí náà, wọ́n kà á mọ́ ara wọn bí ọmọ ẹgbẹ́ karùn-ún. Lọ́jọ́ 13, oṣù kìíní, ọdún 1969, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ ilé oúnjẹ kan ní Fulham Palace Road nílùú Lọ́ńdọ̀nù. Ọjọ́ 9, oṣù kẹrin, ni wọ́n kọ́kọ́ ṣeré ní gbangba ní ilé fàájì tó ń jẹ́ Speakeasy. Òkìkí wọn kàn kíákíá láàárín àwọn olórin ẹlẹgbẹ́ wọn. Fripp ròyìn rẹ̀ lẹ́yìn náà pé Jimi Hendrix, ìràwọ̀ atagìtá ará Amẹ́ríkà, wá wo àwọn lálẹ́ ọjọ́ kan nílùú Lọ́ńdọ̀nù, ó tọ òun wá, ó sì ní kí òun bọ òun lọ́wọ́ òsì nítorí pé ọwọ́ náà ló sún mọ́ ọkàn òun jù. Létí Yorùbá, àrífín ni ọwọ́ òsì, ṣùgbọ́n Hendrix, tó jẹ́ pé ọwọ́ òsì ló fi ń ta gìtá, kò ní iyì mìíràn tó ga ju bẹ́ẹ̀ lọ láti fún èèyàn.

Nígbà tó di ọjọ́ 5, oṣù keje, ẹgbẹ́ tí kò tíì ní àwo kankan lórí àtẹ yìí ṣeré ní Hyde Park, ṣáájú ẹgbẹ́ The Rolling Stones. Ọjọ́ méjì ṣáájú rẹ̀ ni Brian Jones, ọ̀kan lára àwọn tó dá The Rolling Stones sílẹ̀, kú. Èrò tó pé jọ lọ́jọ́ náà kò kéré sí 250,000 gẹ́gẹ́ bí ìṣirò ọ̀pọ̀ èèyàn, àwọn mìíràn tilẹ̀ ní wọ́n tó 500,000. Oṣù mẹ́ta péré ló wà láàárín ilé fàájì kékeré àti ogunlọ́gọ̀ èèyàn yìí.

BÍ WỌ́N ṢE GBA ORIN NÁÀ SÍLẸ̀

Tony Clarke, ẹni tó ń ṣe alábòójútó iṣẹ́ àwọn Moody Blues ní sítúdíò, ni wọ́n kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ náà fún. Ṣùgbọ́n ohun tó ń jáde kò tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n sì pa á tì. Wọ́n pinnu pé àwọn fúnra àwọn ni yóò ṣe alábòójútó iṣẹ́ ara àwọn. Ìpinnu tó léwu ni, nítorí pé ó ṣọ̀wọ́n nígbà náà kí ilé-iṣẹ́ orin fi irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ lé ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì gbé àwo kan ṣoṣo jáde. Ní Wessex Sound Studios, ní agbègbè Highbury ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù, gbọ̀ngàn tó jẹ́ ti ìjọ onígbàgbọ́ nígbà kan rí, ni wọ́n ti ṣe é láàárín oṣù keje sí oṣù kẹjọ ọdún 1969. Robin Thompson ló wà nídìí ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ọ̀nà mẹ́jọ ni wọ́n lò, èyí tó túmọ̀ sí pé ọ̀nà mẹ́jọ péré ni wọ́n ní lórí téèpù láti fi to ohùn àti ohun èlò lé ara wọn.

Ohun èlò kan wà tó sọ àwo náà di ohun tó jẹ́, ìyẹn Mellotron. Bí dùùrù ló rí lójú, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ yàtọ̀. Lábẹ́ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ni ọ̀já téèpù kan wà tí wọ́n ti gba ohùn gòjé gidi, fèrè gidi tàbí ohùn ẹgbẹ́ akọrin sí. Bí atẹdùùrù bá tẹ bọ́tìnnì, téèpù náà á máa sáré lọ, ohùn á sì jáde. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ, téèpù á tán, àfi kó gbé ọwọ́ kúrò, kó tún tẹ ẹ́. Àwọn ará Birmingham ló ń ṣe é. Ohùn rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Ó máa ń gbọ̀n, ó máa ń fì, bí ẹni pé àwọn òkú ọ̀run ló ń ta gòjé. McDonald to ohùn yìí lé ara rẹ̀ ní ìpele ìpele títí tó fi dún bíi gbogbo ẹgbẹ́ onígòjé ńlá kan, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbé gòjé wọ inú sítúdíò.

ORIN MÁRÀÁRÙN-ÚN

Orin àkọ́kọ́ ni 21st Century Schizoid Man, tí àkọlé rẹ̀ ń sọ nípa ọmọ ènìyàn ọ̀rúndún kọkànlélógún tí ọkàn rẹ̀ ti pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Gìtá àti sásófóònù jọ bú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ti ba ohùn Lake jẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rọ, débi pé ó ń dún bí ẹni tó ń pariwo láti inú gòngò irin. Ọ̀rọ̀ Sinfield kò to gbólóhùn pọ̀ níbẹ̀. Àwòrán ló ń jù lura wọn, ti ogun, ti iná bọ́ǹbù, ti àwọn olóṣèlú, ti ebi, àti ti ojúkòkòrò tí kò ní ìtẹ́lọ́rùn. Ní àárín orin ni ẹgbẹ́ náà ti mú eré sísá, tí gbogbo wọn ń sáré, tí wọ́n ń dúró lójijì, tí wọ́n sì tún ń gbéra lẹ́ẹ̀kan náà láìṣì ẹsẹ̀ gbé. Nígbà tí wọ́n ń kọ orin yìí lórí ìtàgé ní Amẹ́ríkà, Fripp fi í ta Spiro Agnew lọ́rẹ, igbákejì Ààrẹ orílẹ̀-èdè náà nígbà yẹn. Ẹ̀fẹ̀ tó ní ẹ̀gún nínú ni, nítorí pé Agnew kò fi bò pé òun kórìíra àwọn tó ń tako ogun Vietnam.

Orin kejì, I Talk to the Wind, dà bí omi tútù lẹ́yìn iná. Fèrè McDonald ló ṣíwájú, ìlù rọra ń tẹ̀ lé e. Ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ń ròyìn ohun tó rí láyé, ṣùgbọ́n atẹ́gùn nìkan ló rí bá sọ̀rọ̀, atẹ́gùn kò sì ní etí. Kò sí ìbínú nínú orin náà; ìdánìkanwà ló wà níbẹ̀, irú èyí tó máa ń bá èèyàn láàárín èrò.

Orin kẹta ni Epitaph, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ sójú ibojì. Òun ló parí ojú kìíní àwo náà, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ kà sí ọkàn rẹ̀. Ìlù ńlá ń dún bí ààrá láti òkèèrè, Mellotron ń ru bí ìgbì òkun, Lake sì ń kọrin bí ẹni tó ń ka ìwé ìhágún ayé. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú orin náà kò gbẹ́kẹ̀ lé àwọn wòlíì àtijọ́ mọ́, kò sì gbẹ́kẹ̀ lé àwọn tó wà lórí àlééfà. Ìmọ̀ tí kò ní ìjánu lẹ́nu ló ń bà á lẹ́rù. Ọ̀la ló ń ṣọ́, omijé ló sì ń retí níbẹ̀. Gbogbo èyí wáyé nígbà tí Amẹ́ríkà àti Soviet Union kó bọ́ǹbù tó lè run ayé jọ, tí àwọn tó lè fi í ṣọṣẹ́ kò sì pọ̀.

Ní ojú kejì ni Moonchild wà, ọmọ òṣùpá. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jẹ́ orin jẹ́jẹ́ nípa ọmọdébìnrin kan tó ń ṣeré lójú àlá. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tán, Fripp, McDonald àti Giles bẹ̀rẹ̀ sí í fi gìtá, agogo olóhùn dídùn àti ìlù dá ara wọn lóhùn, láìjẹ́ pé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, fún ohun tó ju ìṣẹ́jú mẹ́jọ lọ. Ibí yìí ni àríyànjiyàn àwọn olólùfẹ́ àwo náà pọ̀ sí jù. Àwọn kan ní ó gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn mìíràn ní ibẹ̀ gan-an ni olùgbọ́ ti ń kọ́ bí a ṣe ń fetí sí ìdákẹ́jẹ́.

The Court of the Crimson King ló gbẹ̀yìn. Ààfin ìgbà láéláé ni Sinfield yà sílẹ̀ nínú rẹ̀, pẹ̀lú ayaba, apanilẹ́rìn-ín, àjẹ́ oníná àti ọmọlangidi. Gbogbo wọn ló ń ṣe ohun tí wọ́n yàn fún wọn, kò sì sẹ́ni tó rí ọba gan-an. Orin náà ṣe bí ẹni parí, ó dákẹ́, lẹ́yìn náà ni dùùrù kékeré kan tún fi ohùn ìṣeré ọmọdé gbé e dìde, gbogbo ẹgbẹ́ bá a gbé e, ó sì já lójijì bí okùn.

ÌBÉÈRÈ TÓ WÀ NÍDÌÍ RẸ̀

Orísìí ìmọ̀ kan wà tó gbajúmọ̀ ní Yúróòpù lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, èyí tó ń wádìí ohun tí wíwà ènìyàn láyé túmọ̀ sí. Jean-Paul Sartre, ọmọ ilẹ̀ Faransé, kọ́ni lọ́dún 1945 pé èèyàn kọ́kọ́ wà ná, kó tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ara rẹ̀ di ẹni tó fẹ́ jẹ́. Kò sí ìwé ìlànà tí wọ́n kọ dè é. Albert Camus ti kọ ọ́ ṣáájú, nínú ìwé rẹ̀ nípa Sisyphus lọ́dún 1942, pé èèyàn ń béèrè ìtumọ̀ lọ́wọ́ ayé, ayé kò sì fèsì. Yorùbá ní àkúnlẹ̀yàn ni àdáyébá, pé a kúnlẹ̀ a yan ẹ̀dá, a délé ayé tán ojú ń kán wa. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé nínú èrò Yorùbá, ẹnì kan wà níbi tí wọ́n ti yàn án. Nínú ti Sartre, kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀ bí kò ṣe èèyàn fúnra rẹ̀.

Inú irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ ni orin King Crimson ti ń mí. Atẹ́gùn tí kò fèsì nínú orin kejì, wòlíì tí ọ̀rọ̀ wọn ti bàjẹ́ nínú ìkẹta, ọmọlangidi tó ń jó láìmọ ẹni tó di okùn mú nínú ìkarùn-ún, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi. Ayé tó yí wọn ká náà kò sì jẹ́ kí ìbéèrè náà sinmi. Ogun Vietnam ń lọ lọ́wọ́, àwòrán àwọn tí bọ́ǹbù napalm jó sì ń wọ ilé àwọn èèyàn lórí tẹlifíṣọ̀n. Lọ́jọ́ 20, oṣù keje, nínú oṣù tí wọ́n ń gba orin wọn sílẹ̀ gan-an, ọmọ ènìyàn fi ẹsẹ̀ tẹ òṣùpá. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, John Lennon dá oyè MBE tí Ọbabìnrin Elizabeth fi dá a lọ́lá padà, ó sì dárúkọ ọwọ́ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní nínú ogun Nàìjíríà àti Biafra mọ́ àwọn ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n tó gbé èèyàn dé òṣùpá àti ìwà òǹrorò tó ń jó ọmọ ẹlòmíràn níná ń bá ara wọn gbé nínú orí kan náà. Ọkàn tó pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ tí orin àkọ́kọ́ ń wí nìyẹn.

ÀWÒRÁN OJÚ NÁÀ

Barry Godber ló ya àwòrán tó wà lára páálí. Ọ̀rẹ́ Sinfield ni, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló sì ń ṣe. Ojú ara rẹ̀ tó rí nínú dígí ló fi ṣe àwòkọ́ṣe. Ojú tó ń ké níta ni ti ọkùnrin inú orin àkọ́kọ́. Bí èèyàn bá ṣí páálí náà, yóò bá ojú mìíràn nínú, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, èyí tí wọ́n ní ó jẹ́ ti Ọba Pupa fúnra rẹ̀. Fripp ṣàlàyé pé bí èèyàn bá fi ọwọ́ bo ẹnu tó ń rẹ́rìn-ín náà, ìbànújẹ́ ló máa rí nínú ẹyinjú rẹ̀.

Nínú oṣù kejì ọdún 1970, Godber kú lójijì. Àrùn ọkàn ló pa á, ẹni ọdún 24 ni. Oṣù mẹ́rin péré ló lò sí i lẹ́yìn tí àwòrán rẹ̀ jáde, kò sì ya páálí àwo mìíràn mọ́. Fripp ló gba àwòrán náà gan-an sọ́dọ̀ nígbà tó yá.

BÍ ARÁYÉ ṢE GBÀ Á

Pete Townshend, ọ̀gá atagìtá ẹgbẹ́ The Who, yin àwo náà ní àyìntúnyìn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì wọ inú ìpolówó ọjà. Ìwé ìròyìn Rolling Stone gbóríyìn fún un. Robert Christgau, gbajúmọ̀ alárìíwísí orin nílùú New York, kò sì rí nǹkan gidi kan nínú rẹ̀; ó fi bú wọn ni. Àwọn tó ń ra àwo ló dájọ́: ó dé ipò 5 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì dé ipò 28 ní Amẹ́ríkà, níbi tó ti gba àmì ẹ̀yẹ oníwúrà nígbà tó yá.

ÌFỌ́ ẸGBẸ́

Ilé tó ń dán lójú títì ni, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé òpó rẹ̀ ti ń mì. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1969, wọ́n gbéra lọ sí Amẹ́ríkà fún eré káàkiri. Ọ̀nà jìn, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni wọ́n fi jókòó lásán ní ilé ìtura, àárò ilé sì mú McDonald àti Giles. Ohun mìíràn tún wà nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀: òkùnkùn inú orin náà ń wúwo sí wọn lọ́kàn, wọ́n fẹ́ máa kọ orin tó fẹ́rẹ̀, tó sì mọ́lẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù Kejìlá, wọ́n sọ fún Fripp pé àwọn ń lọ.

Fripp bẹ̀ wọ́n. Ó ní kàkà kí ẹgbẹ́ tú, òun ni kó kúrò, kí àwọn máa bá a lọ. McDonald dá a lóhùn pé ẹgbẹ́ náà jẹ́ ti Fripp ju tiwọn lọ. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn méjèèjì lọ, lẹ́yìn eré tó kẹ́yìn nílùú San Francisco. Lake náà kò pẹ́ lẹ́yìn wọn. Lọ́dún 1970 ló bá Keith Emerson àti Carl Palmer dá ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀. Ó kù Fripp àti Sinfield. Bí ìṣirò bá tọ́, láti ìdánrawò àkọ́kọ́ títí dé ìpínyà, ẹgbẹ́ tó ṣe àwo yìí kò lò ju oṣù 11 lọ.

McDonald sọ ọ́ léraléra ní ọjọ́ ogbó rẹ̀ pé òun kábàámọ̀ lílọ tí òun lọ. Nínú fíìmù nípa ìtàn ẹgbẹ́ náà tí Toby Amies ṣe, tó jáde lọ́dún 2022, ó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀dùn ọkàn.

OHUN TÓ ṢẸ́ KÙ

Fripp kò jẹ́ kí orúkọ náà kú. Ó ń kó àwọn tuntun jọ, ó ń tú wọn ká, ó sì tún ń kó wọn jọ, fún ohun tó ju 50 ọdún lọ, nígbà tó jẹ́ pé òun nìkan ló kù nínú àwọn ìpilẹ̀ṣẹ̀. Sinfield fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1972. McDonald wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ Foreigner sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1976. Eré King Crimson tó kẹ́yìn wáyé nílùú Tokyo, lórílẹ̀-èdè Japan, lọ́jọ́ 8, oṣù Kejìlá, ọdún 2021.

Àwo àkọ́kọ́ náà kò sì dákẹ́. Ozzy Osbourne tún 21st Century Schizoid Man kọ lọ́dún 2005. Wọ́n lo orin àkọlé àwo náà nínú fíìmù Children of Men lọ́dún 2006, fíìmù nípa ayé kan tí wọn kò bímọ níbẹ̀ mọ́. Lọ́dún 2009, Steven Wilson bá Fripp tún ohùn àwo náà tò láti inú téèpù àtijọ́. Lọ́dún 2010, Kanye West gé díẹ̀ nínú ohùn orin àkọ́kọ́ náà sínú orin tirẹ̀ tó pè ní Power, èyí tó mú kí àwọn ọ̀dọ́ tí kò gbọ́ King Crimson rí máa gbé e lẹ́nu káàkiri ayé.

Greg Lake kú lọ́jọ́ 7, oṣù Kejìlá, ọdún 2016. Ian McDonald kú lọ́jọ́ 9, oṣù kejì, ọdún 2022. Peter Sinfield, ẹni tó kọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, kú lọ́jọ́ 14, oṣù kọkànlá, ọdún 2024, lẹ́ni ọdún 80. Lọ́dún 1969, nígbà tí Sinfield ń kọ ọ̀rọ̀ nípa ọmọ ènìyàn ọ̀rúndún kọkànlélógún, ọdún 31 ṣì kù kí ọ̀rúndún náà wọlé. Ó wọlé, ó bá orin náà nílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́ lè kọ́kọ́ gbọ́ Epitaph, kí etí rẹ̀ tó mọ́ ariwo orin tó ṣíwájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kó gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé bí wọ́n ṣe to orin márààrùn-ún tẹ̀ léra wọn náà wà lára ohun tí wọ́n fẹ́ sọ.